Eku Méjì Tí Ojú Kò Lè Yà

Ojú ni òṣùwọ̀n àkọ́kọ́ ní Grand Marché Niamey. Obìnrin tó wá ra ẹ̀wà kì í fi ẹnu béèrè irú rẹ̀. Yóò ti ọwọ́ bọ inú àpò, yóò bu ẹ̀kúnwọ́ kan, yóò fẹ́ ìyàngbò orí rẹ̀ dànù, yóò sì wo ojú dúdú ara ẹ̀wà náà àti ihò tí kòkòrò lu sí i. Ẹni tó ń ra àlùbọ́sà Galmi, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ elésè-àlùkò, yóò fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn rẹ̀ wò bóyá ó ti ń rọ̀. Ẹni tó ń ra awọ ewúrẹ́ pupa Maradi yóò ká a, yóò tún un tẹ́, yóò sì gbé e súnmọ́ imú. Ọjà yìí jóná ní 1982, wọ́n sì tún un kọ́, ṣùgbọ́n iná kò jó òfin ojú àti ọwọ́. Mo gbà pé òfin tó dára ni. Òun ló ti ń bọ́ àwa Yorùbá tó ń ṣòwò ní ìlú yìí, àtẹni tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò àtẹni tó ń ta aṣọ.

Eku ló kó mi sí ìrònú. Bí àwọn alábàárù bá ń sọ àpò jéró kalẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, eku a máa fò jáde láàárín àpò méjì, a sì sá wọ abẹ́ pákó ìsọ̀ kejì. Ìyá tó ni ìsọ̀ á kígbe, ọmọ kan á ju bàtà lù ú, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Eku ni. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé eku wo. Bẹ́ẹ̀ àwa tí a ń sọ èdè yìí mọ eku ju bẹ́ẹ̀ lọ: a mọ ẹmọ́, a mọ àgó, a mọ òkété, a sì mọ ẹ̀lírí tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Ọdẹ ló fún wọn lórúkọ wọ̀nyẹn, nítorí ọdẹ mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sùn, ohun tó ń jẹ, àti bí ẹran rẹ̀ ṣe rí nínú ọbẹ̀. Ìmọ̀ tó jinlẹ̀ ni. Àmọ́ ibi tí awọ bá tán sí ni ojú ọdẹ náà ń tán sí.

Lẹ́yìn ìlú Niamey, nínú oko jéró tó wà lórí iyanrìn, eku kan ń gbé ibẹ̀ tí kì í wọ ilé ènìyàn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ iyanrìn, ikùn rẹ̀ funfun, ìrù rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ, irun sì ṣù jọ sí ṣóńṣó ìrù náà. Òru ló ń jẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹranko ń pè é ní Taterillus. Bí a bá tẹ́ awọ wọn sórí ẹní, kò sí oníṣòwò awọ kan ní Grand Marché tí yóò sọ pé ìran wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ní 1988, B. Sicard, M. Tranier àti J.-C. Gautun kéde irú tuntun kan láti Burkina Faso, wọ́n sì sọ ọ́ ní Taterillus petteri. Ó wà ní ìwọ̀ oòrùn Niger pẹ̀lú. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ẹnìkejì rẹ̀, Taterillus gracilis, kò sí lára awọ, kò sì sí lára ìrù. Inú sẹ́ẹ̀lì ló wà, lára okùn ogún ìran tí wọ́n ń pè ní kúrómósómù. Abo gracilis ní kúrómósómù 36, akọ rẹ̀ ní 37. Abo petteri ní 18, akọ rẹ̀ ní 19.

Mo ka àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn, mo sì tún wọn kà. Méjìdínlógún jẹ́ ìdajì mẹ́rìndínlógójì géérégé. Níbo ni ìdajì yòókù wà? Ẹ̀dá kan kò lè pàdánù ìdajì ogún tí bàbá àti ìyá fi sílẹ̀ fún un, kó sì tún máa sáré lórí iyanrìn bí ẹnìkejì rẹ̀, pẹ̀lú ìrù kan náà àti etí kan náà. Ní 2002, Gauthier Dobigny, Michel Baylac àti Christiane Denys gbìyànjú láti fi ìrísí agbárí ya àwọn ìbátan yìí sọ́tọ̀. Wọ́n wọn agbárí ní ìwọ̀n tó ṣe fínnífínní, wọ́n sì kọ́ kọ̀ǹpútà títí ó fi ń dá wọn mọ̀. Agbárí àwọn eku tí wọ́n ti ka kúrómósómù wọn tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Inú ló kọ́kọ́ sọ, kí ìta tó lè jẹ́rìí. Ní ọdún kan náà, Dobigny, A. Nomao àti Gautun tẹ ìwádìí ńlá kan jáde nínú ìwé ìròyìn Mammalia, níbi tí wọ́n ti fi kúrómósómù to àwọn eku ilẹ̀ Niger sí irú wọn.

Kúrómósómù ni okùn tí sẹ́ẹ̀lì ká ogún ìran rẹ̀ sí. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà okùn náà tú ká, kò sì sí bí ẹni tó ń wo máíkírósíkóòpù lásán ṣe lè yà wọ́n sọ́tọ̀ kó kà wọ́n. Ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ pín sí méjì ni okùn ń ká jọ, tó ń ki, tó sì ń dúró gedegbe. Àsìkò kúkúrú yẹn ni ẹni tó fẹ́ kà á gbọ́dọ̀ ká a mọ́. Ṣùgbọ́n kíkà nìkan ni wọ́n lè ṣe fún ìgbà pípẹ́, kíkà ọ̀hún pàápàá kò sì dá wọn lójú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni gbogbo ayé gbà pé kúrómósómù ènìyàn jẹ́ 48, títí Joe Hin Tjio àti Albert Levan fi rí i ní Sweden, tí wọ́n sì kéde ní 1956 pé 46 ni. Àwọn tó ti kà á tẹ́lẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Gbogbo okùn náà gba aró bákan náà ni, ó dúdú láti orí dé ìdí, kò sì sí ohun tó ya ọ̀kan sọ́tọ̀ ju gígùn rẹ̀ àti ibi tí ìbàdí rẹ̀ ti fún.

Ní apá ibi tí wọ́n ti ń ta aṣọ ní Grand Marché, wọ́n máa ń fi kúbùsù téra-téra àwọn Zarma kọ́ sókè. Ìbú tóóró tóóró ni wọ́n ń hun ún, bí àwọn ará Ìsẹ́yìn ṣe ń hun aṣọ òfì, lẹ́yìn náà ni wọ́n ń rán an pọ̀. Mo máa ń wo ojúrán náà. Bí ahunṣọ bá mú ìbú méjì, tó rán ìdí ọ̀kan mọ́ ìdí èkejì di ẹyọ gígùn kan, iye ìbú ti dín kan, síbẹ̀ fọ́nrán òwú kan kò sọnù. Bí gbogbo ìbú bá jẹ́ dúdú lásán, ta ni yóò mọ̀ pé méjì ni wọ́n tẹ́lẹ̀? Ṣùgbọ́n bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ní ìlà tirẹ̀, pupa níbí, funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, dúdú fẹ̀ níwájú, ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò fi ìka tọ́ ibi tí abẹ́rẹ́ gbà kọjá, yóò sì sọ ìbú tó so mọ́ ìbú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí petteri nìyẹn. Kò pàdánù nǹkan kan. Àwọn kúrómósómù tó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lára ìbátan rẹ̀ ló ti so pọ̀ lára òun. W. R. B. Robertson, ará Amẹ́ríkà kan, ti kíyè sí irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ lára tata ní 1916. Ó rí i pé ó ṣẹlẹ̀, àmọ́ kò sí ìlà tó lè fi mọ èwo ló so mọ́ èwo.

1968 ni ìlà náà tó jáde. Torbjörn Caspersson, Lore Zech àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Stockholm fi quinacrine mustard pa kúrómósómù láró, wọ́n sì tan iná ultraviolet sí i. Apá kan tàn, apá kan ṣókùnkùn, wọ́n sì tò tẹ̀léra wọn láti orí dé ìdí. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín nínú ìtàn yìí ni pé ara ènìyàn kọ́ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Ẹ̀wà ńlá tí àwọn ará Íjíbítì ń sè, tí wọ́n ń pè ní ful, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé jẹ́ Vicia faba, wà lára àwọn tí wọ́n lò, pẹ̀lú òdòdó kan tó ń jẹ́ Trillium, àti hamster ilẹ̀ Ṣáínà, tó jẹ́ ìbátan eku. Ẹ̀wà àti eku, ọ̀tá àtijọ́ inú àká, ni wọ́n jọ ṣí ilẹ̀kùn náà. Ènìyàn tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn.

Nígbà tó di 1971, ọ̀nà tó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ jáde. Marina Seabright, tó ń ṣiṣẹ́ ní Salisbury nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi trypsin, ohun tó ń da ẹran nínú ìfun, fọ kúrómósómù díẹ̀ kó tó fi aró Giemsa kùn ún. Ìlà náà jáde láìsí pé wọ́n nílò iná pàtàkì kankan. Máíkírósíkóòpù lásán tó. Aró Giemsa yìí kì í ṣe àlejò ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Gustav Giemsa ló pò ó ní Hamburg ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún kí wọ́n lè rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀, òun náà ni wọ́n ṣì ń lò láti Niamey dé Ìbàdàn bí dókítà bá ní kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò. Ìgò kan náà tí wọ́n fi ń wá ibà ni wọ́n fi ń ka ìtàn ìdílé eku. Inú mi dùn sí èyí ju bó ṣe yẹ lọ, bóyá nítorí pé mo fẹ́ràn ohun tí kò gbówó lórí.

Iṣẹ́ ọ̀hún kò mọ́ tónítóní o. Wọ́n á mú eku láàyè, wọ́n á fún un ní colchicine, oògùn kan tí wọ́n ń rí lára òdòdó ilẹ̀ Yúróòpù, èyí tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín parí rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á pa á, wọ́n á fọ mùdùnmúdùn egungun itan rẹ̀ jáde, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi tí iyọ̀ rẹ̀ kò tó ti ara, kí sẹ́ẹ̀lì lè mu omi kó wú. Ọtí methanol àti acid tó wà nínú ọtí kíkan ni wọ́n á fi mú un dúró. Wọ́n á kán an sórí gíláàsì láti òkè. Sẹ́ẹ̀lì yóò bẹ́, kúrómósómù yóò tẹ́ sílẹ̀. Láyé àtijọ́, sísọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń gé fọ́tò náà, tí wọ́n ń to ẹyọ mọ́ ẹyọ lórí tábìlì títí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi rí ìkejì rẹ̀.

Bí ènìyàn bá ti wá lè ka ìlà, ohun tí ojú ti tò jọ bẹ̀rẹ̀ sí í tú, ohun tí ojú ti yà sì bẹ̀rẹ̀ sí í so. Ẹ wo ewúrẹ́ àti àgùntàn. Kò sí ọmọ ọdún mẹ́rin ní Niamey tí yóò pe ọ̀kan ní èkejì. Ewúrẹ́ ní 60, àgùntàn ní 54. Àgùntàn ní kúrómósómù mẹ́ta tó tóbi ju àwọn yòókù lọ, tí ìbàdí wọn wà láàárín. Bí a bá to ìlà wọn mọ́ ti ewúrẹ́, ti àkọ́kọ́ jẹ́ ìkíní àti ìkẹta ewúrẹ́ tó so pọ̀, ti èkejì jẹ́ ìkejì àti ìkẹjọ, ti ẹ̀kẹta jẹ́ ìkarùn-ún àti ìkọkànlá. Ìyókù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, ìlà sí ìlà. Gbogbo ìyàtọ̀ tí a ń rí, irun, ìwà, bí ọ̀kan ṣe ń gun orí ògiri tí èkejì ń tẹ̀ lé agbo, kò sí ìkankan nínú rẹ̀ tó wá láti inú ìsopọ̀ mẹ́ta yẹn. Inú lẹ́tà DNA tó wà lára okùn náà ló wà, níbi tí ìlà kò dé.

Ti màlúù tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màlúù tí wọ́n ń fi ẹran rẹ̀ ṣe kìlíṣí ní Niger ní iké, ì báà jẹ́ Azawak tàbí Bororo. Kúrómósómù rẹ̀ jẹ́ 60, bíi ti màlúù tí kò ní iké, irú N'Dama ti Guinea àti Muturu tiwa ní gúúsù Nigeria. Ìlà wọn bá ara mu láti ìkíní dé ìkọkàndínlọ́gbọ̀n. Ìyàtọ̀ tó hàn wà lára kúrómósómù Y, èyí tí bàbá ń fún ọmọkùnrin rẹ̀ nìkan. Lára irú tí kò ní iké, Y ní apá méjì. Lára irú tó ti ilẹ̀ Íńdíà ṣẹ̀ wá, ìbàdí rẹ̀ wà ní ìdí pátápátá. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wá yẹ DNA tí ìyá nìkan ń fún ọmọ wò ní àwọn ọdún 1990, màlúù oníké Áfíríkà kò bá ti Íńdíà mu rárá. Ti màlúù aláìníké ni. Ní 2000, Olivier Hanotte àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn bí Y ti Íńdíà ṣe tàn ká ilẹ̀ Áfíríkà. Bàbá wọn ti òkèèrè wá, ìyá wọn wà nílé. Mo mọ ìdílé ènìyàn tí ìtàn wọn rí báyìí ní Niamey, ní Parakou àti ní Kano, tí orúkọ bàbá sì ti bo ti ìyá mọ́lẹ̀.

Ewéko kì í jẹ́ kó rọrùn bẹ́ẹ̀. Ìlà tí trypsin àti Giemsa ń mú jáde lára eku, ewúrẹ́ àti ènìyàn kì í fẹ́ jáde lára ohun ọ̀gbìn. Kúrómósómù ewéko ká mọ́ra le ju ti ẹranko lọ, ìlà tí ì bá yà a sì máa ń wọnú ara wọn. Nítorí náà ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń gbà: barium hydroxide ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń fọ̀ ọ́, kí apá tó dì pọ̀ jù lọ nìkan lè gba aró. Àlùbọ́sà dára fún irú iṣẹ́ yìí. Kúrómósómù 16 péré ló ní, ó sì tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi gbé àlùbọ́sà kan lé ẹnu ife omi fún ọjọ́ díẹ̀, kó gé ṣóńṣó gbòǹgbò rẹ̀, kó sì rí wọn. Ìlà tirẹ̀ kò pín káàkiri bíi ti eku. Orí àti ìdí ni ó pọ̀ sí, àárín sì mọ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Nǹkan wà níbẹ̀. Àlùbọ́sà kàn kọ̀ láti fi hàn wá lọ́nà yìí ni.

Ẹ̀wà ló ń dà mí láàmú jù, nítorí òun ni mo ń rí lójoojúmọ́. Lẹ́yìn Nigeria, kò sí orílẹ̀-èdè tó ń kó ẹ̀wà tó Niger láyé, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ló sì ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìkòkò wa. Kúrómósómù rẹ̀ 22, gbogbo wọn kéékèèké, wọ́n sì jọra. Ìyá kan lè ní oríṣi ẹ̀wà mẹ́fà nínú ọpọ́n mẹ́fà, funfun, pupa, olójú dúdú, oníwínníwínní, tí máíkírósíkóòpù yóò sì sọ pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ojú ìyá oníẹ̀wà borí ti onímọ̀ níbí, kò sì yẹ ká fi bò. Ní 2019 ni Stefano Lonardi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ gbogbo lẹ́tà DNA ẹ̀wà kan jáde, irú tí wọ́n ń pè ní IT97K-499-35, tó wá láti IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn. Wọ́n rí i pé lórí kúrómósómù kẹta, ibì kan tó gùn tó mílíọ̀nù 4.2 lẹ́tà ti yí padà, orí rẹ̀ di ìdí, bí a bá fi wé ti ọ̀pọ̀ ẹ̀wà mìíràn. Ìlà kan ṣoṣo lára kúrómósómù ènìyàn sábà máa ń gba mílíọ̀nù márùn-ún sí mẹ́wàá. Gbogbo ìyípadà yẹn ì bá farapamọ́ sínú ìlà kan, kó sì dákẹ́.

Mo ń sọ èyí kí n má bàa dà bí ẹni tó ń polówó. Àwọn tó ń ka lẹ́tà DNA ti kọjá àwọn tó ń ka ìlà ní ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Síbẹ̀ ẹni tó ń ka lẹ́tà ń gé okùn náà wẹ́wẹ́ kó tó kà á, yóò sì wá máa wá bí yóò ṣe tún un tò. Ẹni tó ń ka ìlà rí okùn náà lódindi, nínú sẹ́ẹ̀lì kan, lára ẹranko kan tí ó mọ ihò tó ti mú un.

Ẹ jẹ́ ká padà sí abẹ́ pákó ìsọ̀. Eku tó ń gbé ilé ní Niamey kì í ṣe ọ̀kan. Madougou Garba àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dẹ pańpẹ́ káàkiri ìlú náà, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2014. Onílé ni Mastomys natalensis, eku ọlọ́mú púpọ̀. Àlejò ni Rattus rattus, eku dúdú inú ọkọ̀ ojú omi, àti Mus musculus, eku kékeré tó tẹ̀ lé ènìyàn yí ayé ká. Àwọn méjì yìí kì í sábà wà níbi tí onílé wà. Ó dà bí ẹni pé àwọn àlejò ń lé onílé kúrò ní àdúgbò kan tẹ̀ lé òmíràn. Ìwádìí mìíràn ní 2016, tí wọ́n fi DNA àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ṣe, tọ ipasẹ̀ eku dúdú bó ṣe ń wọ gúúsù ìwọ̀ oòrùn Niger. Ẹrù wa ló ń gbé e wá. Wọ́n ti ẹnubodè lẹ́yìn ìfipágbàjọba oṣù Keje 2023, àwọn oníṣòwò Yorùbá kò sì gbàgbé ìyà tó jẹ wọ́n. Ti eku kò sí nínú àṣẹ tí wọ́n fi ti ẹnubodè.

Bí a bá ní ká fi iye ya àwọn eku yìí sọ́tọ̀, a ó ṣìnà. Natalensis ní 32. Mastomys huberti ti ilẹ̀ Mali náà ní 32, ṣùgbọ́n ìrísí apá àwọn kúrómósómù rẹ̀ yàtọ̀. Mastomys erythroleucus ní 38. Eku dúdú náà ní 38, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ìbátan tó súnmọ́ra. Èyí kì í ṣe àríyànjiyàn àwọn tí kò níṣẹ́ ṣe. Ibà Lassa, tí ayé kọ́kọ́ mọ̀ ní 1969 láti ìlú Lassa ní Borno, ọ̀dọ̀ natalensis ni wọ́n tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ní Sierra Leone, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní 1974. Ẹni tó bá mọ ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì ní Ọ̀wọ̀ ń rí ní àsìkò ọ̀gbẹlẹ̀ kò ní sọ pé eku ni eku. Ní 2016, Ayodeji Olayemi ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún fi hàn pé erythroleucus àti eku igbó kan, Hylomyscus pamfi, náà ń gbé fáírọ́ọ̀sì yìí. Orúkọ tí a fún eku tó wọ pańpẹ́ ni yóò sọ ohun tí a ó máa wá nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Mo sọ ọ̀rọ̀ eku iyanrìn méjì yìí fún ìyá kan ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta ẹ̀wà, ọ̀kan 36, ọ̀kan 18. Kò béèrè ohun tí kúrómósómù jẹ́. Ó ní, “Ọmọ mi, ṣé wọ́n ń gun ara wọn?” Mo ní, “Mà, ìbéèrè tó wà níbẹ̀ gan-an nìyẹn.”

Bí akọ petteri bá gun abo gracilis, ọmọbìnrin wọn yóò gba 9 láti ọ̀dọ̀ bàbá, 18 láti ọ̀dọ̀ ìyá, àpapọ̀ 27. Nígbà tí òun náà bá fẹ́ ṣe ẹyin, kúrómósómù gígùn kọ̀ọ̀kan yóò máa wá àwọn kéékèèké tó bá ìlà rẹ̀ mu, méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n tó lè pín. Àṣìpín rọrùn níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tọ́ka sí ìbaaka: ẹṣin 64, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ 62, ìbaaka 63, kò sì bímọ. Wọ́n ní ẹyọ kan tó ṣẹ́kù yẹn ló fa àgàn. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó dùn ún gbà. Ṣùgbọ́n eku ilé ilẹ̀ Yúróòpù wà, tí ìran rẹ̀ kan ní 40, tí òmíràn sì ti so pọ̀ títí ó fi di 22. Bí ìsopọ̀ tó ya àwọn òbí méjì bá kéré níye, ọmọ wọn ṣì máa ń bímọ. Dobigny àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ ní 2005 pé ìyípadà kúrómósómù àti ìyípadà ojú ọjọ́ ló jọ ya àwọn Taterillus sọ́tọ̀. Aṣálẹ̀ fẹ̀, ó tún súnkì, ó ń há wọn mọ́ apá ibi tí wọ́n wà, ìsopọ̀ sì ń ṣẹlẹ̀ nínú agbo kọ̀ọ̀kan. Èrò tèmi ni pé ilẹ̀ ló kọ́kọ́ pín wọn, tí sẹ́ẹ̀lì wá ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn wọn, ṣùgbọ́n mi ò ní jà bí ẹnìkan bá sọ pé òdì kejì rẹ̀ ni.

Ohun tó mú mi ṣiyèméjì nípa ọ̀rọ̀ ìbaaka ni akọ Taterillus fúnra rẹ̀. Mọ́kàndínlógún kì í ṣe nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì. Mẹ́tàdínlógójì náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé kúrómósómù lásán kan ti so mọ́ X, èyí tí abo ní méjì tí akọ sì ní ẹyọ kan, nígbà kan rí, ẹnìkejì kúrómósómù yẹn sì ń dá rìn lára akọ bí ẹni pé Y kejì ni. Gbogbo akọ ló ní ẹyọ kan ju arábìnrin rẹ̀ lọ, láti ìran dé ìran, gbogbo wọn sì ń bímọ. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣe àtọ̀, X yóò na ara rẹ̀, Y kan yóò tò sí ìdí kan, Y kejì yóò tò sí ibi tí ìlà rẹ̀ ti bá ti X mu, àwọn mẹ́ta yóò sì dúró pọ̀ níbi tí méjì ì bá dúró sí. X á lọ sápá kan, Y méjèèjì á lọ sápá kejì. Ìlà ẹṣin àti ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ti dà rú jìnnà sí ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fi lè tò báyìí, ì báà jẹ́ 63, ì báà jẹ́ 64.